Oògùn, Ìgbàgbọ́ àti Àṣẹ Olórí: Ìyípadà Ẹ̀kọ́ nínú Ìjọ Aládùúrà ní Agbègbè Ọ̀sà àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, 1918–1943

1.0 Ìfáàrà

Èbúté Ìpakòdò ní Ìkòròdú jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí ilẹ̀ Yorùbá ti ń pàdé omi ọ̀sà. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Rẹ́mọ àti àwọn èrò tí ó ń bọ̀ láti Ìbàdàn ti máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Ní ìlà oòrùn rẹ̀ ni Èjìnrìn àti Ẹ̀pẹ́ wà, àwọn tí wọ́n jẹ́ ẹnu ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí ọ̀sà. Kí ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ tó gbòde, ohunkóhun tí ó bá fẹ́ ti Èkó wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ìbáà ṣe iyọ̀, aṣọ, ìbọn, ìwé tàbí àrùn, irú àwọn èbúté wọ̀nyí ni ó sábà máa ń gbà. Ẹ̀sìn Kristi pàápàá gba ọ̀nà omi yìí. Nígbà tí ó sì di pé àwọn onígbàgbọ́ agbègbè náà fẹ́ yí ẹ̀kọ́ tí a fi lé wọn lọ́wọ́ padà, lẹ́tà àti ìwé ìròyìn tí ọkọ̀ òkun kó wọ Èkó ni wọ́n fi ṣe atọ́nà.

Ìtàn àwọn ìjọ Aládùúrà kì í ṣe ohun tí a kò tíì kọ. J. B. Webster (1964) ti kọ nípa àwọn ìjọ Áfíríkà tí ó ṣáájú wọn, E. A. Ayandele (1966) ti sọ bí ẹ̀sìn Kristi ṣe wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú; H. W. Turner (1967) ti tú ìtàn ìjọ Ọ̀ṣítẹ̀lú palẹ̀, J. D. Y. Peel (1968) sì ti fi ẹgbẹ́ méjì nínú wọn wéra. Iṣẹ́ yìí kò ní tún gbogbo ìtàn náà sọ. Ohun tí ó fẹ́ yẹ̀ wò ni ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni ó fà á tí ẹ̀kọ́ nípa oògùn fi di ohun tí ìjọ kan náà torí rẹ̀ já kúrò lábẹ́ àwọn olórí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n? Èrò tí a gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé kì í ṣe inú ìwé àwọn olórí ni a ti lè rí ìdáhùn, bí kò ṣe inú ìgbàgbọ́ àwọn tí ó ti fi ẹ̀mí ara wọn àti ti ọmọ wọn dán ẹ̀kọ́ náà wò. Àti pé ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà, oògùn, ní nínú èdè Yorùbá kó ipa tí kò kéré nínú ọ̀ràn náà.

2.0 Ohun tí ó Ṣáájú

Ìkòròdú ti bá Ìjọba Èkó dòwò pọ̀ ṣáájú àwọn ìlú Ìjẹ̀bú mìíràn. Ní 1865, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti ìlú náà, Gómìnà Glover kó ọmọ ogun láti Èkó lọ lé wọn kúrò. Ìjẹ̀bú-Òde ní tirẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ òyìnbó àti àwọn ajíhìnrere títí di May 1892, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Ẹ̀pẹ́ kọjá, tí wọ́n sì ṣẹ́gun àwọn Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n. Ohun tí ó tẹ̀lé ogun náà ya àwọn ajíhìnrere fúnra wọn lẹ́nu. Àwọn ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú tí kò gba ìwàásù kankan láyè tẹ́lẹ̀ rọ́ lọ sí ilé ìsìn àti ilé ìwé. Àwọn mìíràn di Mùsùlùmí. Láàárín ọgbọ̀n ọdún, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti di ọ̀kan lára ibi tí Ìjọ Áńgílíkà ti rinlẹ̀ jù.

A ní láti ṣe àkíyèsí pé àwọn ìyapa tí ó ti wáyé ní Èkó ṣáájú àkókò yìí kì í ṣe nítorí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Ní 1901, nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ St. Paul's, Breadfruit, kúrò lọ dá ìjọ Bethel sílẹ̀, ọ̀ràn àṣẹ ni ó fà á: ta ni ó ni agbára láti mú James Johnson kúrò lórí ìjọ tí ó ń bójú tó? Wọ́n mú ìwé àdúrà àti ìwé orin tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ dání bí wọ́n ti ń lọ. Ọ̀ràn níní ju aya kan lọ wọ̀ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń gbàdúrà, bí a ṣe ń ṣe ìrìbọmi àti ohun tí a ń retí lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà àìsàn kò yí padà. Olórí ni wọ́n pààrọ̀; ẹ̀kọ́ dúró síbi tí ó wà. Ti 1918 kò rí bẹ́ẹ̀.

3.0 Àjàkálẹ̀ Àrùn 1918 àti Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye

Ní oṣù September 1918 ni ọkọ̀ òkun kó àrùn influẹ́ńsà tí ó ń jà káàkiri ayé wọ èbúté Èkó. Kò pẹ́ tí ó fi bá ọ̀nà rélùwéè àti ọ̀nà omi tàn ká gbogbo ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ni ó kú ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀. Oògùn àwọn dókítà kò ràn án, ti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà kò ràn án. Ìjọba ní kí a ti ilé ìwé àti ilé ìsìn pa kí àrùn má baà ràn. Fún ọ̀pọ̀ Kristẹni, èyí túmọ̀ sí pé ní ọjọ́ tí wọ́n nílò ìjọ jù lọ ni ilẹ̀kùn ìjọ wà ní títì, tí àwọn olùṣọ́-àgùntàn kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan ju pé kí oníkálukú wà nílé rẹ̀.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ St. Saviour's mélòó kan bẹ̀rẹ̀ sí péjọ láti gbàdúrà. Joseph Ṣàdáre, tí ó jẹ́ àgbà nínú ìjọ náà tí ó sì ń bá wọn jókòó ní Sínọ́ọ̀dù, ni aṣáájú wọn. Obìnrin kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé, Sophia Ọdúnlámì, sọ ìran tí ó rí nínú àìsàn ti ara rẹ̀: kí àwọn ènìyàn yé gbẹ́kẹ̀ lé oògùn, kí wọ́n fi omi òjò àti àdúrà wá ìwòsàn. Láti inú ìpéjọpọ̀ yìí ni ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní Òkúta Iyebíye ti jáde. Wọn kò pinnu láti fi Ìjọ Áńgílíkà sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àdúrà nínú ìjọ ni wọ́n ka ara wọn sí, irú èyí tí ó pọ̀ nínú gbogbo ìjọ nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí i pé àdúrà gba òun nígbà tí ikú ń gba iwájú gba ẹ̀yìn yóò tún ìwé kà pẹ̀lú ojú mìíràn. Bí wọ́n ti ń ka Bíbélì Yorùbá fúnra wọn, wọ́n rí i pé Jákọ́bù ní kí aláìsàn pe àwọn àgbà ìjọ. Kò ní kí ó ranṣẹ́ sí oníṣègùn. Wọ́n rí i pé àwọn tí a ṣe ìrìbọmi fún nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì jẹ́ àwọn tí ó kọ́kọ́ gbàgbọ́. Nítorí náà wọ́n kọ ìrìbọmi ọmọ-ọwọ́ sílẹ̀. Kókó méjèèjì ní ìpìlẹ̀ kan náà: ìgbàgbọ́ jẹ́ ohun tí ènìyàn ń ṣe fúnra rẹ̀, ẹlòmíràn kò lè bá a ṣe é, ìbáà jẹ́ òbí tàbí àlùfáà.

Ọ̀ràn ìrìbọmi ni Ìjọ Áńgílíkà kò lè gbà. Àdúrà ìwòsàn lè jẹ́ ìtara àpọ̀jù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ ìrìbọmi ọmọ-ọwọ́ ti fọwọ́ kan ìpìlẹ̀ ìjọ. Lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Melville Jones, ọ̀ràn náà dé ojú rẹ̀ ní 1922. A ní kí Ṣàdáre yàn láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ipò rẹ̀. Ó fi Sínọ́ọ̀dù sílẹ̀. Àwọn mìíràn pàdánù iṣẹ́ olùkọ́ tí wọ́n ń ṣe, wọ́n sì yọ ọmọ wọn kúrò ní ilé ìwé ìjọ. Ní ìlú tí ilé ìwé jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo sí iṣẹ́ akọ̀wé àti ìtẹ̀síwájú, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Èyí ni ó di òṣùwọ̀n àwọn olórí tí ó tẹ̀lé: Ṣàdáre kò kọ́ni ní ohun tí kò ná an ní nǹkan.

4.0 Olórí tí a Kò Rí Rí: Àwọn Lẹ́tà Philadelphia

Ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀wé kan ní Èkó, David Odùbánjọ, ni ó so ẹgbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde mọ́ òkèèrè. Ìwé ìròyìn ìjọ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì rí i pé àwọn ará ibẹ̀ ti gba ohun tí àwọn fúnra wọn ti gbà: ìwòsàn nípa àdúrà nìkan, àti ìrìbọmi àwọn tí ó ti gbàgbọ́. Ní nǹkan bí 1923, ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye gba orúkọ Faith Tabernacle. Olùṣọ́-àgùntàn Ambrose Clark di olórí wọn nípa lẹ́tà. Kò wá sí Nàìjíríà, kò sì rán ajíhìnrere kankan, nítorí ìjọ rẹ̀ kò gbà pé iṣẹ́ náà nílò rẹ̀. Ìwé ni ó fi ń kọ́ wọn, ìwé ni ó fi ń yan àwọn olórí wọn, ìwé ni ó sì fi ń dáhùn ìbéèrè wọn. Ìjọ náà tàn dé Ìbàdàn, níbi tí Isaac Babalọlá Akínyẹlé, ẹni tí ó kọ ìtàn Ìbàdàn, ti darapọ̀ mọ́ wọn, ó sì tàn dé Iléṣà àti àwọn ìlú tí ọ̀nà rélùwéè gbà kọjá.

Irú ìdarí báyìí bá wọn lára mu. Olórí tí ó jìnnà kò lè dí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù tirẹ̀. Nígbà tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí fi èdè tuntun sọ̀rọ̀ nínú àdúrà, Philadelphia kò fara mọ́ ọn; lójú wọn, ẹ̀tàn lè wà níbẹ̀. Èyí tí ó bà á jẹ́ pátápátá ni ìròyìn pé ìjọ Clark ti yọ ọ́ nípò láàárín 1925 sí 1926 lórí ẹ̀sùn panṣágà, tí òun náà sì ti lọ dá ìjọ mìíràn sílẹ̀. Ìròyìn náà pẹ́ kí ó tó dé, ó sì dé ní àbọ̀-ọ̀rọ̀. Kí àwọn ọdún 1920 tó parí, okùn tí ó wà láàárín wọn ti já.

Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí ni pé ìṣubú Clark kò mú kí àwọn ará Nàìjíríà ṣiyèméjì nípa ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ pé lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti gba ẹ̀kọ́ náà, yóò ti bá a ṣubú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní i ṣáájú kí wọ́n tó mọ orúkọ rẹ̀. Ìwé Philadelphia fi àṣẹ lé ohun tí àrùn 1918 ti kọ́ wọn; nígbà tí ẹni tí ó fàṣẹ sí i lọ, ohun tí ó fàṣẹ sí kò bá a lọ.

5.0 Iléṣà 1930: Ìtumọ̀ Oògùn

Ní July 1930, àwọn olórí Faith Tabernacle péjọ ní Òkè-Òòyè, Iléṣà. Ara ohun tí wọ́n ní láti jíròrò ni ọ̀ràn Josiah Ọ̀ṣítẹ̀lú ti Ògèrè. Ògèrè wà ní Rẹ́mọ, ní ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti Ìkòròdú gba Ṣágámù lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀ṣítẹ̀lú ti jẹ́ olùkọ́ àti katikísì Áńgílíkà kí wọ́n tó dá a dúró ní 1926 nítorí àwọn ìran tí ó ń rí. Àdúrà rẹ̀ ní agbára, ṣùgbọ́n àwọn orúkọ mímọ́ tí kò sí nínú Bíbélì, dídárúkọ àwọn àjẹ́ ní gbangba àti ọ̀ràn aya púpọ̀ kò jẹ́ kí Odùbánjọ àti Akínyẹlé lè bá a rìn. Ní 1931 ni ọ̀nà wọn pín. Ọ̀ṣítẹ̀lú sì mú ìjọ tirẹ̀, Ìjọ Olúwa, lọ. Ìjọ náà wọ Àjọ Àwọn Ìjọ Àgbáyé ní 1975. Èyí fi hàn pé àwọn Aládùúrà kì í ṣe ẹni tí ó gba ohun gbogbo tí a bá pè ní ìran. Àwọn náà ní ààlà ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ.

Ibi ìpàdé Òkè-Òòyè yìí ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá, awakọ̀ katakátá tí a fi ń tẹ ọ̀nà fún Ìjọba, ẹni tí ó gbọ́ ìpè ní October 1928 nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ ìsọjí tí ó mi gbogbo ìlà oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rọ́ wá láti ìlú gbogbo. Wọ́n ń gbé omi wá fún àdúrà. Wọ́n ń kó ìfúnpá, ońdè, ère àti àdó oògùn jáde, wọ́n sì ń dáná sun wọ́n.

Níhìn-ín ni èdè ti wọ inú ẹ̀kọ́. Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni oògùn. Àgbo ibà tí ìyá ń fún ọmọ rẹ̀ jẹ́ oògùn. Ohun tí ẹnì kan sin sí ẹnu ọ̀nà láti fi pa ọ̀tá jẹ́ oògùn. Ońdè tí ọdẹ so mọ́ra kí ìbọn má baà ràn án jẹ́ oògùn. Kuníìnì tí dókítà ń kó fún aláìsàn ní ọsibítù náà, oògùn òyìnbó ni. Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ẹni tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ronú lè fi ọ̀kan sílẹ̀ kí ó mú èkejì láìsí ìdààmú ọkàn. Yorùbá kì í sábà yà wọ́n nípa bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀kan ń wòsàn, èkejì sì ń pani, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kan náà àti agbára kan náà ni ó wà lẹ́yìn wọn, ọwọ́ ẹnì kan náà ni a sì ti lè rí méjèèjì gbà.

Bíbélì Yorùbá pàápàá fi ìdí èyí múlẹ̀. Oníṣègùn ni ó pe àwọn tí Ọba Ása wá lọ nínú àìsàn rẹ̀ dípò kí ó wá Olúwa, ìyẹn nínú Ìwé Kíróníkà Kejì. Oníṣègùn náà ni ó pe Lúùkù, olùfẹ́, nínú ìwé sí àwọn ará Kólósè. Àwọn tí ó sun oògùn wọn ní Iléṣà mọ oníṣègùn dáadáa: aládùúgbò wọn ni, bóyá bàbá wọn pàápàá ni. Ọ̀ràn Ása ni ó yé wọn. Ti Lúùkù kò sí ẹni tí ó fi bẹ́ẹ̀ fà á yọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá da oògùn rẹ̀ sínú iná ní Òkè-Òòyè, kì í ṣe ìlànà ìtọ́jú ara ni ó pààrọ̀. Ó ti já ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ ààbò kan, ó sì ti bọ́ sábẹ́ òmíràn, níwájú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n àti àwọn tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n kórìíra rẹ̀. Bí ààbò tuntun náà bá kùnà, kò ní èyí tí yóò padà sí.

6.0 Bradford àti Ọ̀ràn Kuníìnì

Ìsọjí náà kó àwọn olórí sínú wàhálà pẹ̀lú Ìjọba. Èrò púpọ̀, ọ̀ràn àjẹ́, àti ìwàásù láìgba ìwé àṣẹ mú kí àwọn aláṣẹ máa fura sí wọn. Babalọlá fúnra rẹ̀ wẹ̀wọ̀n ní Benin ní 1932. Ìjọ tí kò ní òyìnbó kankan lẹ́yìn kò ní ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ níwájú Ìjọba. Odùbánjọ kọ̀wé sí Apostolic Church ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọ tí ọ́fíìsì ajíhìnrere rẹ̀ wà ní Bradford. Ní September 1931, D. P. Williams, W. J. Williams àti A. Turnbull dé Èkó. Wọ́n fi ọwọ́ lé àwọn olórí, wọ́n sì sọ wọ́n di olùṣọ́-àgùntàn. Ní 1932, George Perfect àti Idris Vaughan wá láti máa gbé láàárín wọn.

Ẹ̀kọ́ yí padà. Fífi èdè tuntun sọ̀rọ̀, tí Philadelphia ń fura sí, di ohun tí a ń wá. Ètò àpọ́sítélì, wòlíì àti olùṣọ́-àgùntàn rọ́pò ìjọ tí ìwé ń darí. Kò sí ẹni tí ó jà nítorí àwọn ìyípadà wọ̀nyí, nítorí wọ́n bá ohun tí àwọn ènìyàn ti ń rí nínú àdúrà ara wọn mu. Èyí jẹ́ ẹ̀rí pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ tuntun ni ìjọ náà ń kọ̀. Èyí tí ó bá ìrírí wọn lọ ni wọ́n ń gbà.

Àwọn ajíhìnrere náà gbàgbọ́ nínú ìwòsàn nípa àdúrà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń lo kuníìnì kí ibà má baà pa wọ́n ní ilẹ̀ tí ara wọn kò mọ́. Lójú tiwọn, kò sí ìtakora níbẹ̀: Ọlọ́run ń wòsàn, ṣùgbọ́n kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn ṣọ́ra. Nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ mọ̀, ọ̀ràn náà kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò. Olórí tí ó ń wàásù pé kí a fi ìwòsàn lé Ọlọ́run lọ́wọ́, tí ó sì ní oògùn nínú àpótí, aṣọ wo ni ó fẹ́ dá fún ìjọ?

Kò yẹ kí a rò pé kuníìnì nìkan ni ó wà nínú ìjà náà. Ìbéèrè ta ni ó ni ilẹ̀ àti ilé ìsìn, ta ni ó ń fọwọ́ sí owó, àti bóyá ọ̀rọ̀ Bradford ni yóò máa borí, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn nínú àwọn olórí Nàìjíríà sì dúró ti Apostolic Church nígbà tí ìyapa dé. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn owó àti ilẹ̀ jẹ́ ti àwọn tí ó wà nínú ìgbìmọ̀. Ọ̀ràn kuníìnì ni ó yé ìyá tí ó jókòó sẹ́yìn nínú ìjọ, tí ó ti sin ọmọ kan láìlo oògùn, nítorí pé ìjọ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe ìgbàgbọ́. Bí kuníìnì kò bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí ni ọmọ rẹ̀ kú lé lórí? Ìbéèrè yìí ni kò sí olórí tí ó lè dá a lóhùn láìsọ pé ìjọ ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó rọrùn jù láti yapa.

Láti 1939 sí 1941 ni ìyapa náà fi wáyé. Akínyẹlé, Odùbánjọ àti Babalọlá dúró lórí pé àdúrà nìkan tó. Lẹ́yìn tí wọ́n ti lo orúkọ bí i mélòó kan, wọ́n fi orúkọ Christ Apostolic Church, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí C.A.C., sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìjọba ní 1943. Akínyẹlé ni Ààrẹ. Odùbánjọ ni alábòójútó àgbà. Babalọlá sì ni ajíhìnrere fún gbogbo ìjọ títí ó fi kú ní July 1959.

7.0 Nígbà tí Ẹ̀rí Di Òfin

Títí dé ibi tí a dé yìí, ìtàn náà dà bí ti àwọn tí ó fi ìgbàgbọ́ ara wọn dá olórí lẹ́kun. Ṣùgbọ́n ó ní apá kejì. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1918 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí àwọn tí a wòsàn di òfin fún àwọn tí a kò tíì wòsàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò lo oògùn ń jẹ́rìí sí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ọmọ ìjọ tí kò lo oògùn lè jẹ́ ẹni tí ó ń bẹ̀rù ohun tí ìjọ yóò sọ. Ìwà kan náà ni ojú rí. Inú ni ó yàtọ̀. Bí àìsàn kò bá sì lọ, ọ̀nà rọrùn láti sọ pé ìgbàgbọ́ aláìsàn ni kò tó. Báyìí ni ẹ̀bi ti kúrò lọ́rùn ẹ̀kọ́ àti lọ́rùn olórí, tí ó bọ́ sí ọrùn ẹni tí ó dùbúlẹ̀ àìsàn.

Àwọn tí ó kúrò nínú Ìjọ Áńgílíkà ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè bá ẹlòmíràn gbàgbọ́. Nítorí èyí ni wọ́n fi kọ ìrìbọmi ọmọ-ọwọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọwọ́ tí kò lè gbàgbọ́ láti gba ìrìbọmi, òun náà ni kò lè gbàgbọ́ láti kọ oògùn. Ìgbàgbọ́ òbí ni ó ń gbé e ní ọ̀nà méjèèjì. Ìtakora yìí wà nínú ẹ̀kọ́ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, àwọn olórí kò sì tú u.

Ìgbé ayé Akínyẹlé fi hàn pé ọ̀nà mìíràn wà láti di ẹ̀kọ́ náà mú. Nígbà tí ó di Olúbàdàn ní 1955, ó jẹ ọba gẹ́gẹ́ bí Kristẹni, títí ó fi wàjà ní 1964. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alexander Babátúndé Akínyẹlé, ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ fún Ìbàdàn ní 1952. Ọmọ ìyá méjì ni wọ́n: ọ̀kan wà lórí ìjọ tí ó ka oògùn sí àìgbàgbọ́, èkejì wà lórí ìjọ tí ó ń kọ́ ọsibítù. Ìlú Ìbàdàn bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, nítorí pé oníkálukú wọn ń ṣe ohun tí ó ń sọ. Èyí bá òṣùwọ̀n tí Ṣàdáre fi lélẹ̀ mu. Ẹ̀kọ́ líle kò ṣòro láti gbà lẹ́nu ẹni tí ó ń san owó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń di àjàgà nígbà tí ẹlòmíràn bá ní láti san án.

Òfin náà rọ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí ìyapa mìíràn lórí rẹ̀. Àwọn ilé àgbẹ̀bí C.A.C., níbi tí àwọn obìnrin tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà ti ń fi àdúrà àti omi gbẹ̀bí, wà láàárín ọ̀nà méjèèjì: ìtọ́jú wà níbẹ̀, oògùn ni kò sí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ náà ń lọ sí ọsibítù báyìí, wọ́n sì ń gbàdúrà kí wọ́n tó lọ. Ní Ìkéjì-Arákeji, ibi tí Babalọlá ti gbọ́ ìpè, ni yunifásítì tí ìjọ náà fi orúkọ rẹ̀ sọ wà láti 2006.

8.0 Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé nínú ìjọ tí ó ti Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ ní 1918, àwọn olórí kò fi bẹ́ẹ̀ dá ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ ni ó ń yan àwọn olórí, tí ó sì ń lé wọn. Bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà, Clark ti Philadelphia àti àwọn ajíhìnrere Bradford ni a fi ohun kan náà wọ̀n: ṣé ìgbé ayé wọn dọ́gba pẹ̀lú ohun tí àwọn ọmọ ìjọ ti fi ẹ̀mí ara wọn rà? Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé ìtumọ̀ oògùn nínú èdè Yorùbá kò jẹ́ kí ìyàtọ̀ tí Bradford rí láàárín ońdè àti kuníìnì lè hàn sí àwọn tí ó ti sun oògùn wọn ní Iléṣà. Àṣìyé tí ó wà láàárín wọn kì í ṣe ti òmùgọ̀ àti ọlọ́gbọ́n. Ti èdè méjì ni.

Ohun tí ó kù fún àwọn tí yóò tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ yìí ni láti wádìí ẹ̀rí àwọn ọmọ ìjọ lásán, pàápàá jù lọ àwọn ìyá, ní àwọn ìlú bí Ìkòròdú, Èjìnrìn àti Ẹ̀pẹ́, tí ìwé àwọn olórí kì í sábà dárúkọ. Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ wá láti inú lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ ìpàdé, àwọn olórí ni ó sì kọ wọ́n. Ní March 2020, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn dé, tí Ìjọba sì tún ní kí a ti ilé ìsìn pa, ilẹ̀kùn ìjọ wà ní títì ní Èkó bí ó ti rí ní 1918. Àwọn ìjọ tí wọ́n bí nítorí ilẹ̀kùn títì àkọ́kọ́ wà lára àwọn tí ó ti tiwọn. Ohun tí oníkálukú gbà gbọ́ nínú yàrá rẹ̀ ní àwọn oṣù wọ̀nyẹn, àkọsílẹ̀ ìpàdé kankan kò ní sọ ọ́.